Àìsàn Tó Sá Pamọ́ Sínú Orúkọ

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fura. Ètè gbogbo wa ti là, eruku sì ti bo ewé igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣadé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún èmi àti Mojísọ́lá ìyàwó mi, ti Èkó wá lo Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Mojísọ́lá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là láti pe ọmọ náà. Ẹnu náà là sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìsọ nǹkan kan, bí ẹni tó nawọ́ sí ife níbi tí ife máa ń wà, tí kò bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "O ṣé o, Olójú Ẹyẹlé."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bísí, àbúrò mi obìnrin, pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó wa tún ti bẹ̀rẹ̀! Ọmọ tí o bí nínú ara rẹ náà lo tún ń sọ lórúkọ?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dé inú mi.

Ẹni tó bá dàgbà sí ilé bíi tiwa á mọ ohun tó bà mí lẹ́rù. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nínú ilé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lánàá. Orúkọ mìíràn ló máa fún un, èyí tí yóò fi máa pọ́n ọn lé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí, ta ni yóò fi orúkọ rẹ̀ dù ú? Ó lè ké e bó ṣe wù ú láti ẹ̀yìnkùlé dé ojú títì. Ohùn tí Mojísọ́lá fi pe ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohùn tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹbí ọkọ ni.

Nígbà tí mo gbé e níyàwó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Mo kó àpótí ìwé kan wálé, mo di tíṣà, mo sì rò pé kò sí ohun tó kù láyé tí mi ò mọ̀. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n ti mú un wá, aránṣọ ni. Àwọn ìyàwó tó ṣáájú rẹ̀ dé ilé wa ti fún àwọn àbúrò mi ní orúkọ tí gbogbo ayé ń lò: Ìbàdíàrán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Eyínfúnjowó. Mojísọ́lá kò gba ìyẹn. Ó ní, "Aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ni. Èmi á wọn èèyàn kí n tó gé e." Bó ṣe ń wọ̀n wá nìyẹn, á máa fi ojú wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tí kì í rọra rìn di Asárébíìròyìn. Bísí, tó jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀, di Ẹ̀rínṣáájú. Èmi ọkọ rẹ̀, tí mo máa ń jókòó ti àtùpà àti ìwé, ó sọ mí ní Akàwémásùn. Níta, Bàbá Ṣadé ni. Nínú yàrá, Akàwémásùn ni. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé.

Nítorí náà, nígbà tí orúkọ àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Ìyàwó pásítọ̀ di Arìnbíàdúrà. Oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan di Ọlọ́rùn Ìgò. A ń rẹ́rìn-ín, a ń yìn ín, a ní ọgbọ́n rẹ̀ kò gbó bí ara rẹ̀ ṣe ń gbó. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé nílùú mìíràn, níbi tí ìyàwó ti ń pe olúkúlùkù ní orúkọ rẹ̀, wọn ì bá ti fura ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú wa. Àṣà wa ló ṣe aṣọ bo àìsàn náà. Mi ò bú àṣà. Mo kàn ń sọ fún ẹni tó ń kà á ni, pé bí àgbàlagbà yín bá ní ẹ̀bùn kan tó ti mọ́ yín lójú, ẹ máa wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn Kérésìmesì yẹn ni ojú mi là sí àwọn nǹkan yòókù. Ó ń bu iyọ̀ sínú ìkọ́kọrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń wá ṣíbọ̀, ìbọ̀ka tí aránṣọ fi ń ti abẹ́rẹ́, tó ti wà ní ìka rẹ̀. Ní ìgbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, tí a ń tò láti ra mílíìkì àti ṣúgà, ìyá kan gbé lẹ́ẹ̀sì wá fún un láti rán. Ó gé apá méjèèjì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbé wọn sórí tábìlì, ó ń yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó jẹ́. Omi lé róróró sí ojú rẹ̀. Ẹni tó ti ń rán aṣọ láti ìgbà ọmọge ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Ó ní ojú ló ń dun òun. A ra awò tuntun. Awò kò gé apá òsì.

Bísí gbà pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Ó wá bá mi ní pálọ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi àdúrà. Wọ́n ti ń fi ojú burúkú wò ó."

"Ta ló ń wò ó?"

"Ṣé gbogbo ẹni tó ń woni náà la máa ń rí?"

"Bísí, a ó gbàdúrà. A ó sì tún gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Ẹ̀yin àti ìwé yín," ó wí, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì ṣáájú lọ́jọ́ yẹn.

Dókítà tó wà nítòsí wa sọ pé ọjọ́ orí ni. Nígbà tí mi ò fi í lọ́rùn sílẹ̀, ó kọ̀wé lé wa lọ́wọ́ pé ká lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn. Pijó ni a wọ̀. Mojísọ́lá jókòó ní àárín èmi àti Ṣadé, ó ń bi wá pé ibo là ń lọ. A ń dá a lóhùn, ó ń tún un bi. Lórí bẹ́ǹṣì gbọ̀ngàn ìdúró, a jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn wá lórí. Bàbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí ọmọ rẹ̀ fi ọ̀já so mọ́ ara rẹ̀ kó má baà sá lọ. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì. Ohun tó burú jù nípa irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ ni pé ìwọ tó gbé aláìsàn wá, o máa ń wo aláìsàn ẹlòmíràn láti mọ ibi tí tìrẹ ń lọ.

Dókítà tó rí wa jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ Ṣadé. Ó fa ẹ̀jẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ní àwọn àìsàn kan wà tó ṣeé wò tó lè mú èèyàn máa gbàgbé nǹkan, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìyẹn kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bèèrè ìyẹn kí ẹ tó gba ohunkóhun mìíràn gbọ́. Nígbà tí a padà lọ, tí kò rí ọ̀kankan nínú wọn, ó gbé àwọn nǹkan sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí Mojísọ́lá dárúkọ wọn. Ó fi aago ọwọ́ hàn án.

"Adèmílọ́wọ́," ni Mojísọ́lá wí.

Ó fi bírò hàn án. Mojísọ́lá ní, "Ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀ aró."

Dókítà náà gbé ìwé tó ń kọ sílẹ̀, ó wò mí. Mojísọ́lá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì fi ìka kàn án ní ọwọ́. "Abéèrèbíọmọdé," ó wí. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó nu ojú rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún wa ní Yorùbá tó mọ́. Ó ní ọpọlọ kì í ṣe ìkòkò kan tí a da gbogbo nǹkan pọ̀ sí. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni. Lápá etí òsì ni orúkọ nǹkan sábà máa ń gbé. Ibòmíràn ló ń tọ́jú ìrísí wọn, ibòmíràn sì ń tọ́jú ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Iwájú orí ni ìjánu wà, èyí tí kì í jẹ́ ká sọ gbogbo ohun tó bá wá sí wa lẹ́nu. Nínú àìsàn tó ń ṣe ìyàwó mi, àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó para pọ̀ di ọpọlọ ń kú díẹ̀díẹ̀, yàrá sí yàrá. Iyè rẹ̀ ń rá. Kì í ṣe wèrè. Kì í ṣe arán tí gbogbo arúgbó gbọ́dọ̀ ṣe. Kò sì sí oògùn tó lè dá a padà.

Èmi tí mo lọ sí yunifásítì, mo rò pé ìbéèrè kan kù tó lè gbà wá. Mo bi í bóyá ọgbọ́n àtinúdá tí ìyàwó mi ní yìí ló ń bá àìsàn náà jà, àbí àìsàn náà gan-an ló ń dá orúkọ.

"Bàbá, a ò tíì mọ̀," ó wí. "Ohun tí èmi gan-an ń wádìí nìyẹn."

Ó ní òun ti rí ọkùnrin kan tí kò ya àwòrán rí láyé rẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ya ẹyẹ sára ògiri nígbà tí ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bí ìjánu bá dẹ̀, ohun tó ti sùn nínú èèyàn á dìde. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kan ti la ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé sí ilé náà, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn iwájú, á ṣì máa rí ọ̀nà wọlé. Ìyàwó mi kò rí orúkọ bírò mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì rí bírò. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà. "Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín," ó wí. "Ọ̀nà yẹn náà á dí."

Látìgbà yẹn lọ, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀rù. Mi ò bẹ̀rù ikú, torí kò sí ẹni tí kò ní kú. Ọjọ́ tí Akàwémásùn máa kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Láràárọ̀, bí mo bá ti jí, mo máa ń dákẹ́ lórí ibùsùn títí yóò fi pè mí. Bí ó bá pè mí, mo mọ̀ pé ọjọ́ náà ṣì jẹ́ tiwa.

Ṣadé ní tirẹ̀ fẹ́ gba ìyá rẹ̀ padà lọ́wọ́ àìsàn. Nígbàkúùgbà tó bá dé láti Èkó, á kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni ń ṣe ìdánwò fún ọmọ iléèwé. "Màmá, ta ni mí?"

"Olójú Ẹyẹlé."

"Rárá, Màmá. Orúkọ mi. Orúkọ tí ẹ sọ mí. Ṣ... Ṣa..."

Mojísọ́lá á máa wo ẹnu rẹ̀, á máa yí ètè tirẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kan ó bú sẹ́kún, ó fi gèlè bo ojú, ó ní, "Ẹ má nà mí." Ṣadé sá jáde síta. Mo bá a lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ó ní òun máa mú ìyá òun lọ sí Èkó, pé níbẹ̀ òun á lè máa kọ́ ọ lójoojúmọ́.

Mo sọ ohun kan fún un tí òun kò lè mọ̀. Nígbà tí a bí i, ó máa ń ṣẹ́jú kíákíá, ojú rẹ̀ á máa tàn yinrin bíi ti ẹyẹlé tó rí ọkà. Ìyá rẹ̀ máa ń gbé e síwájú fèrèsé láti fi hàn mí. "Ṣadé, orúkọ tí ò ń bèèrè yẹn, àwọn bàbá ìjọ ló mú un wá lọ́jọ́ kẹjọ," mo wí. "Èyí tó ń pè ọ́, láti ọjọ́ kìíní ló ti rí i."

Nígbà tí a wọlé, ìyá rẹ̀ wí pé, "Olójú Ẹyẹlé, ṣé o ti jẹun?" Ó dáhùn, "Mo ti jẹun, Màmá." Kò tún dán an wò mọ́ láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ kò sì lọ sí Èkó. Ẹ má ṣe dán aláìsàn yín wò. Ẹ jẹ́ orúkọ tó bá pè yín.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ayọ̀ díẹ̀ wà nínú àkókò náà, kí n má baà purọ́. Mojísọ́lá sọ gbogbo ilé lórúkọ. Ọmọńlé tó wà lára àjà di Ayálégbé. Òjò di Àlejò Orí Páànù. Ìrora orúnkún rẹ̀ ló sọ ní Ìyálé, pé ìrora náà ló máa ń jí ṣáájú òun láràárọ̀. Nígbà kan, ó di ẹrù rẹ̀ sínú ìborùn, ó jáde láìjẹ́ ká mọ̀, a wá a títí. Ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni a ti bá a, ó jókòó níwájú ọkọ̀, awakọ̀ sì dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Bàbá Tíṣà, ẹ káàbọ̀," awakọ̀ náà wí. "Màmá ní àwọn ń lọ sílé ìyá àwọn. Mo mọ̀ pé ìyá wọn ti kú tipẹ́, mo ní kí n máa dá wọn dúró títí ẹ ó fi dé. Ẹ gbọ́, kí ló dé tí wọ́n ń pè mí ní Onírun Àgbàdo?"

Bísí wo orí rẹ̀, irun pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níbẹ̀. "Ṣé o ò ní dígí nílé ni?" ó wí. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mojísọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ mi, a rìn wálé.

Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé dí bí dókítà ṣe wí. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Àlejò Orí Páànù di Àlejò, lẹ́yìn náà ó kàn máa ń gbé ìka sókè bí òjò bá ń rọ̀. Ìtọ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó ń bẹ̀rù omi, a sì gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́. Ó ń ké bí aṣọ bá kọjá lórí rẹ̀. Èmi àti Bísí la jọ ń ṣe é, arúgbó ń gbé arúgbó, ẹ̀yìn mi ń ro mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀ kí n tó lè dìde. Àwọn ìgbà kan wà tí mo fẹ́ kó tán. Mo kọ ọ́ síhìn-ín nítorí ẹni tó máa rò ó, kó má baà rò pé òun nìkan ni.

Lọ́jọ́ kan mo jí, mo dákẹ́, mo ń retí. Ó yí ojú sí mi lórí ìrọ̀rí. Ó wò mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Bàbá, ẹ káàbọ̀ o," ó wí, bí a ṣe ń kí arúgbó tó wá kí ọkọ ẹni. Mo dá a lóhùn. Mo dìde, mo lọ gbé omi kaná. Kò pè mí ní Akàwémásùn mọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tó jẹ́ pé àlejò ni mo jẹ́ nínú ilé mi, àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán kan nígbà òjò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, dókítà sì ti ní ká máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ra á. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́bàá rẹ̀, mo kó ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan, mo ń ra á díẹ̀díẹ̀. Bísí dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnura. Mojísọ́lá kò sọ̀rọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo rí i pé ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ kúrò ní ìka mi, ó gun apá mi dé èjìká, ó sọ̀kalẹ̀ padà. Mo mọ ìwò yẹn. Ó ń wọ̀n mí ni.

"Ọlọ́wọ́ Wọ́ọ́rọ́," ó wí.

Orúkọ tuntun, ẹni tuntun ni a máa ń fún. Ó túmọ̀ sí pé ọkùnrin tó fẹ́ ẹ ti lọ pátápátá kúrò níbi tó wà nínú orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àṣà wa, ìyàwó kì í sọ àlejò lórúkọ. Ẹni tó bá nínú ilé, tó mọ̀ pé òun yóò bá gbé, ni ó ń sọ lórúkọ. Bísí ló ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà. "Bọ̀ọ̀dá, ìyàwó ń pè yín! Ẹ dáhùn."

"Mo dé o," mo wí. "Èmi nìyí."

Ó mi orí, ó sì pa ojú dé. Kò tún pe ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ọyẹ́ tún tó dé, a ti sin ín.

Àwọn tó bá ka èyí torí pé irú rẹ̀ wà nílé wọn, mi ò ní ìmúláradá kankan láti ròyìn fún yín. Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá àtinúdá ń dáàbò bo ọpọlọ tàbí pé ó kàn ń tan àtùpà sí i bó ṣe ń ṣókùnkùn. Mo ń retí pé ọmọbìnrin Ìbàdàn náà yóò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara tí a ń bínú sí yìí, tó ń já wa kulẹ̀, ó ń jẹ́rìí nígbà tí iyè kò bá lè jẹ́rìí mọ́. Iyè rẹ̀ gbàgbé mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ náà.

Ọwọ́ mi ti ń tutù báyìí, ó sì ń gbọ̀n. Láràárọ̀, mo máa ń tì í bọ omi gbígbóná kí n tó lè di bírò mú. Nígbà tí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n tó nù ún, mo máa ń dáhùn pé, "Mo dé o."